Ariwo Inú Ìlà Ọkàn Ọba Ìdákẹ́

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2009, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ajá Ọdẹ́jìmí gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kì í ti í gbó. Ó lé òkété kan kọjá odò. Òkété yà sọ́tùn-ún, ajá kò yà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá ara rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìdákẹ́, ìlú àwọn iwin tó kórìíra ariwo ju bí adìẹ ṣe kórìíra àwòdì lọ. Gbígbó àkọ́kọ́ jí àwọn ọmọ-ọwọ́ ìlú náà. Gbígbó kejì jí àwọn àgbà. Gbígbó kẹta jí àwọn tó ti kú, wọ́n sì béèrè pé ta nìyẹn. Kó tó gbó ẹ̀kẹrin, wọ́n ti mú un.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìmí, ọmọ ọdẹ sì ni, ṣùgbọ́n rédíò ló ń tún ṣe jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà oko. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tó wọ ilé ìwé alẹ́. Àga àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi í jókòó sí, orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì. Níbẹ̀ ni Tíṣà Láyọ̀óyè ti kọ́ ọ ní òfin kan: "Ọdẹ́jìmí, má kọ ohun tí o kò rí sílẹ̀. Má sì pe ohun tí o rí ní ohun tí kì í ṣe." Níbẹ̀ náà ló ti mọ ọsilosikóòpù, ẹ̀rọ tí ń fi ìrìn iná hàn bí ìlà lójú gíláàsì. Ó ra ọ̀kan tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tí kò tóbi ju búlọ́ọ̀kù àmọ̀ kan lọ. Abẹ́rẹ́ kan ló ní, pẹ̀lú okùn dúdú kan tí wọ́n ń pè ní okùn ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń gé nǹkan mú bí ẹnu ọ̀nì. Bí iná bá ń rìn bó ṣe yẹ, ìlà inú gíláàsì a máa gòkè, a máa sọ̀, bí ẹni ń rin ọ̀nà olókè. Bí ariwo bá wọ̀ ọ́, ìlà a hu irun bí ẹ̀yìn òòrẹ̀.

Ohun kejì tí kì í kúrò lára rẹ̀ ni tọ́ọ̀ṣì tó ń so mọ́ iwájú orí. Òfin bàbá rẹ̀ ni pé ọdẹ tó bá ti tan iná sórí kúrò nílé, kò gbọdọ̀ pa á, kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, ojú ọ̀sán ni o, òru ni o, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan ìloro ilé rẹ̀. Kì í ṣe èèwọ̀ lásán. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan pa iná tirẹ̀ nínú igbó láti fi epo pamọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rò pé àgbọ̀nrín ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ìránṣẹ́ ọba Ìdákẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó sì ká wọn jọ sórí bí gèlè kí ariwo rédíò má baà pa á. Ó sọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ mì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ọdẹ́jìmí pa rédíò mẹ́ta. Ìránṣẹ́ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

"Ṣé ìwọ lo ni ajá pupa kan, abo, tí ìdajì ìrù rẹ̀ funfun?"

"Èmi ni. Ọ̀rọ̀pọ̀ ni à ń pè é."

"A ti gbọ́ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọba ní kí o wá gbà á. Kí o sì mú ẹ̀rọ tí ń wo inú nǹkan dání."

"Ta ló sọ fún ọba pé mo ní ẹ̀rọ?"

"Ta ni kò gbọ́? Ọjọ́ tí o rà á, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lo fi ń sọ ọ́."

Ọdẹ́jìmí ti tọ́ ajá náà láti ìgbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là, ó fi aṣọ tí ó tẹ bọ wàrà bọ́ ọ fún ọjọ́ mọ́kànlá, nítorí pé ìyá rẹ̀ kú sórí ìbí. Kò ní ìyàwó nílé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó ń dìde bó bá wọlé kò ju ajá náà lọ. Ó gbé ìbọn, ó gbé àpò, ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, ó tàn án, ó dé fìlà lé e, ó fi ẹ̀rọ sábẹ́ apá, ó sì tẹ̀lé ìránṣẹ́.

Ìléròrò mẹ́ta ló yọ ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, méjì ní ti ọ̀tún, kí wọ́n tó dé.

Ẹ wá wo ìlú tó ń jẹ́ Ìdákẹ́. Òwú ni wọ́n ń wọ̀ ní bàtà. Wọn kì í gún iyán níbẹ̀: àwọn ìyàwó ilé a jókòó lé iṣu sísè lórí títí yóò fi rọ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ sunkún, ìyá rẹ̀ a gbé ìkòkò fún un, ọmọ a ki orí bọ̀ ọ́, a sun ẹkún rẹ̀ tán, ìyá a sì fi ìdérí dé e kí ó má baà jò. Ìkòkò ẹkún bẹ́ẹ̀ tò sí ẹ̀yìnkùlé gbogbo. Wọ́n ní ọ̀kan fọ́ ní ọdún kan, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ẹkún ìkókó ẹni tó ti di bàbá àgbà, ojú ti bàbá náà títí ó fi ṣí kúrò lágbègbè.

Títí di òní, Ọdẹ́jìmí a máa sọ fún àwọn tó bá mú rédíò wá pé òun nìkan ni ọmọ ènìyàn tó jẹ iyán ìjókòó tó sì béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. "Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí yìí," á ní, "ẹ lè jẹ́ akọni ní ààrin agbo ilé yín, ṣùgbọ́n ikùn tó ń gba irú iyán bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ikùn tí à ń fi gààrí tọ́." Òótọ́ ni pé ó béèrè ẹ̀ẹ̀kejì. Wọn kò fún un.

Ọba jókòó sórí ìtẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹlé tẹ́. Nígbà tí ọba yìí wà ní ọ̀dọ́, lílù ọkàn rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn, ló bá ní kí wọ́n yọ ọkàn náà jáde, kí wọ́n gbé e sínú igbá lórí pẹpẹ ní yàrá kejì. Láti ìgbà náà ni oorun rẹ̀ ti dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń da ìlú rú: ta ló mọ̀ bóyá ọkàn náà ṣì ń lù? Ìdajì àwọn ìjòyè ní ọba wà láàyè. Ìdajì ní ó ti wàjà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jiyàn náà, ọba jókòó sí ààrin wọn, ó ń yí ojú láti ọ̀dọ̀ ẹni kan sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

"Ọdẹ," ni ọba wí, "fi ẹ̀rọ rẹ wò mí. Bí mo bá wà láàyè, mo fẹ́ mọ̀, kí n lè máa ṣe bí alààyè."

Wọ́n gbé igbá wá. Ọdẹ́jìmí fi ẹnu ọ̀nì okùn ilẹ̀ gé etí igbá mú, ó tẹ orí ba, ó sì fi abẹ́rẹ́ kan ọkàn tó wà níbẹ̀, tó ti gbẹ bí obì tó wà nínú àpò láti àná. Ojú gíláàsì kún. Ìlà hu irun láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ọba na ọrùn wò ó. "Ohun tó ń gbọ̀n yìí, ṣé èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni, Kábíyèsí," ni ìdajì àwọn ìjòyè wí. Ìdajì tó kù wo ilẹ̀.

"N kò mọ̀ pé mo le tó báyìí," ni ọba wí. Ó rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, gbogbo ààfin sì rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. "Ẹ tú ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Ọ̀rọ̀pọ̀ wà ní ẹnu géètì, wọ́n fi òwú funfun kan ṣoṣo dè é mọ́ òpó. Ó rí olówó rẹ̀, ó sì ń ju ìrù. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín wọn.

Ibi tí ìtàn yìí ti dun Ọdẹ́jìmí jù nìyí, nítorí náà kì í yára sọ ọ́. Ó ti na ọwọ́ sí ajá. Ó wá wo gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkàn a máa lù, a sinmi, a tún lù. Èyí kò sinmi rárá. Ó sì rántí pé irun náà ti wà níbẹ̀ kí abẹ́rẹ́ tó kan igbá.

"Kábíyèsí, ọkàn yín kọ́ nìyí," ni Ọdẹ́jìmí wí. "Ariwo ni."

Ní ìlú náà, ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí ènìyàn bú ìyá ẹni. Obìnrin méjì dákú. Akọ̀wé ààfin, Olóyè Alófin, ẹni tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ọba sórí ewé, fa Ọdẹ́jìmí lápá sẹ́yìn.

"Ọdẹ, ajá rẹ nìyẹn. Mú un, kí o máa lọ sílé rẹ. Ẹni tí wọ́n fún lẹ́ja kì í béèrè odò tó ti wá."

"Ẹ má bínú, Olóyè. Ohun tí wọ́n ń pè é kọ́ ni mo rí."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ọba ni."

Alófin mi orí, ó sì kọ ìyẹn náà sórí ewé. Ọba ní: "Lọ wá ibi tí ariwo náà ti ń wá. Bí o bá fi ìlà mímọ́ hàn mí kí oòrùn ọ̀túnla tó wọ̀, ajá di tìrẹ. Bí o kò bá rí i, ajá di tiwa, a ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ti ń dákẹ́."

Ọ̀dọ̀ àwọn oyin ni Ọdẹ́jìmí kọ́kọ́ lọ, nítorí pé ariwo gíláàsì náà jọ ohùn oyin lójú rẹ̀. Ìyá Oyin jókòó nínú ihò ìrókò, ó ń gé èékánná.

"Ẹ kú ilé, Ìyá," ni Ọdẹ́jìmí wí. "Ohùn yín ń wọ inú ẹ̀rọ mi."

"Ohùn tiwa tàbí ohùn àwọn agbọ́n? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè wá ní agbọ́n. Ó dára. Mo máa ní kí gbogbo ọmọ mi dúró jẹ́ẹ́, kí o wò ó, kí o sì tọrọ àforíjì."

Ṣùgbọ́n oyin tí kò bá fò gbọ́dọ̀ di nǹkan mú, ara Ọdẹ́jìmí ló sì sún mọ́ wọn jù. Ìdí ni wọ́n fi dì í mú. Bó bá ń sọ ìtàn náà, á ní ẹgbẹ̀rún oyin ló ta òun, òun kò sì ṣẹ́jú. Mẹ́rìnlá ni, méjì nínú rẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Ó wo gíláàsì pẹ̀lú ojú tó ṣẹ́kù: irun náà kò dín. Ó tọrọ àforíjì.

Ní oríta tó tẹ̀ lé e, ó bá ìyá arúgbó kan tí ìrù rẹ̀ gùn kọjá ìlú mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lẹ́bàá ìrù yìí ní ìlú èyíkéyìí, ẹnu ìyá náà ló ń gbà jáde, láìjẹ́ pé ó fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, ìyá náà ṣàdédé wí pé, "Wọ́n ti jí ewúrẹ́ mi," ó sì tọrọ gáfárà.

"Àlọ́ kan ni n ó pa fún ọ," ó ní. "Kí ló gùn, tó ń gba ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀?"

"Ẹnu ìyá ìyàwó mi tó ti kọ̀ mí."

"O gbìyànjú. Ìrù ni. Wo èyí tó wà lára ẹ̀rọ rẹ."

Ọdẹ́jìmí wo okùn ilẹ̀ rẹ̀. Ó gùn tó apá ọmọdé, ó ń fì nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń gba gbogbo ohun tó bá ń kọjá. Ìyá náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án títí ó fi ru ìrù tirẹ̀ gba inú ẹ̀gún kọjá fún un. Ìrù náà wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ lórí èjìká rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà Ọdẹ́jìmí wé okùn ilẹ̀ mọ́ ara abẹ́rẹ́ yíká, títí èyí tó ṣẹ́kù kò fi ju ìka kan lọ. Irun inú gíláàsì dín sí ìdajì. Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù dúró gbọin-gbọin.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ló pàdé ọkùnrin kan tó pọn ara rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ. Bó ṣe ṣe é, Ọdẹ́jìmí kò mọ̀ ọ́n sọ, ó sì ti gbìyànjú láti fi ara rẹ̀ júwe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì.

"Fi ẹnu abẹ́rẹ́ rẹ kan okùn ara rẹ̀," ni ọkùnrin náà wí, "kí ó má kan nǹkan mìíràn láyé."

Ọdẹ́jìmí fi kàn án. Irun ṣì wà.

"Ẹni tó di ara rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tó ṣì ń gbọ́ ariwo, kò gbọdọ̀ mú aládùúgbò mọ́. Kí ni o gbé dé gbogbo ibi tí o dé?"

Ọdẹ́jìmí gbé ìbọn sílẹ̀. Ó gbé àpò sílẹ̀, ọ̀bẹ, ìgbànú, rédíò kékeré kan tí kò ní bátìrì. Kò rántí tọ́ọ̀ṣì, bí ẹnikẹ́ni kì í ti í rántí ìpéǹpéjú rẹ̀ títí oyin yóò fi ta á.

"Kí ló wà lórí rẹ?"

"Fìlà ni."

"Ṣí i."

Ó ṣí fìlà. Tọ́ọ̀ṣì wà níwájú orí rẹ̀, ó ń tàn sí ọkùnrin náà lójú, ọkùnrin náà sì ń ṣẹ́jú.

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí, Bàbá."

"Láti kékeré ni mo ti ń pọn ara mi," ni ọkùnrin náà wí, "n kò tíì rí ẹni tó wúwo tó ọ." Ó gbé ara rẹ̀ sọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọdẹ́jìmí padà sí ààfin nígbà tí oòrùn ti ń tẹ̀ sí orí àwọn igi. Wọ́n gbé igbá wá. Ó tẹ orí ba, ó fi abẹ́rẹ́ kan ọkàn, irun hù. Lẹ́nu géètì, Ọ̀rọ̀pọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ya ẹnu láti gbó. Ohùn kankan kò jáde. Wọn kò dúró kí oòrùn wọ̀: wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Ọdẹ́jìmí yí orí padà láti wò ó, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, bí ojú rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ ló rí i lójú gíláàsì pé irun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó sún mọ́ ọn. Irun hù. Ó fà sẹ́yìn. Irun rọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ń tẹ orí ba, ó ń gbé e sókè, bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Àwọn ìjòyè rò pé ó ń júbà, wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Ó wá gbé ọwọ́ sí iwájú orí rẹ̀.

Ó rí bàbá rẹ̀ lójú ọkàn. Tọ́ọ̀ṣì tó rà lọ́jà ní ẹ̀dínwó, tó ń sun bátìrì kékeré di ìmọ́lẹ̀ ńlá, òun ló ń hó nínú ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọ̀dọ̀ oyin, ó gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ onírù, ó gbé e lọ. Ó ti ń fi iná orí rẹ̀ wá ariwo iná orí rẹ̀.

Bó bá pa á, ó rú òfin tó ti wà kí wọ́n tó bí i. Bí kò bá pa á, ajá di tiwọn. "Bàbá, ẹ forí jì mí," ó ní, ó sì pa á.

Ìlà inú gíláàsì mọ́. Kò sí irun kan. Ó tọ́ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun bí okùn tí àwọn bíríkìlà ń ta, kò gòkè, kò sọ̀. Ọdẹ́jìmí dúró, ó ka mímí ara rẹ̀ títí dé ogójì. Ìlà kò mira.

"Ọdẹ," ni ọba wí jẹ́jẹ́, "báwo ló ṣe rí?"

"Ó tọ́, Kábíyèsí."

"Ṣé títọ́ dára?"

"Ó dára fún ojú ọ̀nà, Kábíyèsí."

Ọba ronú. "Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọn kì í fi jẹ mí," ó ní. Kò sunkún, kò bínú. Ó wo igbá náà bí ẹni tó rí bàtà tó ti sọnù fún un tipẹ́. "O ṣeun. O fi ìlà mímọ́ hàn mí kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ tú ajá rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Olóyè Alófin wúkọ́ sínú òwú.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" ó bi àwọn ìjòyè.

"Òkú ni," ni gbogbo wọn wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún tí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

"Òkú kì í pàṣẹ," ni Alófin wí. "Ọba tuntun nìkan ló lè tú ajá náà."

"Ìgbà wo ni ẹ ó fi ọba tuntun jẹ?" ni Ọdẹ́jìmí béèrè.

"Bí a bá ti kígbe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọjà ni. Àṣà wa nìyẹn."

"Ẹ lọ kígbe."

"A kì í kígbe ní Ìdákẹ́, àfi bí ọba bá fún wa láyè."

"Àṣẹ òkú kan náà ló de ajá yìí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà já."

Alófin ka ewé rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Nígbà tí ó dè é, a kò tíì mọ̀ pé ó ti kú. Ìwọ lo sọ fún wa."

Ọdẹ́jìmí lọ sí ẹnu géètì. Ó fi ọwọ́ fa òwú funfun náà, ó fi ọ̀bẹ gé e, ó fi eyín já a. Òwú náà kò já. Eyín ìsàlẹ̀ kan, apá òsì, ló já. Ọ̀rọ̀pọ̀ fi ìmú kan orúnkún rẹ̀, ó ju ìrù, ó sì tún ya ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan. Ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Lẹ́yìn náà Sọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì sìn ín dé odò láìsọ̀rọ̀.

Kò tan tọ́ọ̀ṣì mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé oko ilé, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan rò pé àgbọ̀nrín ni. Ọta méjì gba etí fìlà rẹ̀ kọjá. Fìlà náà wà lórí ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó bá fẹ́ lè ki ìka bọ àwọn ihò náà.

Àwọn tó ń dúró de rédíò wọn a máa bi í pé, "Bàbá Ọdẹ, irun tí ẹ rí lọ́jọ́ kìíní, kí ló dé tí ẹ kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Á tẹ́ abẹ́rẹ́ sórí rédíò tó wà níwájú rẹ̀, á wo ìlà náà dáadáa kó tó fèsì. "Wọ́n ní kí n kà á," á ní, "mo sì kà á."

Ohun tó sọnù ni ajá kan, abo, pupa, ìdajì ìrù rẹ̀ funfun, ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù kan.